Ìbéèrè Tí A Sin Mọ́ Òkú

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe àìsàn ọpọlọ kí ó tó jáde láyé. Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn ní igbó ni ó mu. A sin ín, a sì sin ìbéèrè náà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ilé ìwòsàn McLean ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ òkú láti ọdún 1978, kí àwọn onímọ̀ lè wádìí àrùn bí schizophrenia. Jill Bolte Taylor, onímọ̀ ọpọlọ tí àrùn yìí ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, a máa gbé gìtá kiri nígbà kan rí, a sì máa fi orin bẹ àwọn ẹbí. Wọ́n ń fẹ́ ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ dá pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Ìpinnu náà kò rọrùn. Ó dára kí wọ́n rí ọpọlọ gbà láàárín wákàtí 24, nígbà tí ẹkún kò tí ì dá. Ojú òkú kì í bàjẹ́. A ṣì lè tẹ́ ẹ ní ìtẹ́ ẹ̀yẹ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ náà, ǹ bá kọ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé n kò bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè rí, ní àwọn ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Mo ti sọ ìfẹ́ tèmi fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á máa sọ ọ́ lójú ayé wa, kí á má ṣe di ẹrù náà ru ẹni tí ń sunkún.