Físà Ààbò Kì Í Ṣe Ọjà Títà

Ẹ̀yin ará wa ní Thinkers Corner àti gbogbo Enugu. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ sókè òkun. Ajẹ́ńtì kan sọ fún un pé físà ààbò, ti asásálà, ló yá jù, kó ṣáà mówó wá. Ìyá rẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wọn nílé. Èyí tó wá kàn wá ni pé ajẹ́ńtì ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà pé àwọn Ìgbò àdúgbò yìí ń lépa ẹ̀mí ọmọ náà torí pé Yorùbá ni. A ní rárá o.

Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 ló sọ ẹni tó ń jẹ́ asásálà. Ó gbọ́dọ̀ ti kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù inúnibíni, kí ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí gidi: nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, irú àwùjọ tó jẹ́ ara wọn, tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Kó sì jẹ́ pé ìjọba rẹ̀ ò lè dáàbò bò ó. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà ti 1969 fi ogun àti rògbòdìyàn tó dàlú rú kún un. Àìríṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ náà ò sí níbẹ̀.

Wọ́n á tún bi ẹ́ pé, ṣé o ò lè kó lọ sí apá ibòmíì nílẹ̀ yín ni? Yorùbá tó ní Enugu le fún òun, wọ́n á ní kí ló dé tí ò padà s'Íbàdàn. Ní 1993, tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, ọ̀pọ̀ Ìgbò sá kúrò l'Ékòó wá sílé. "Oso Abiola" ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹ̀rù bà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kọjá ẹnubodè, òfin ò pè wọ́n ní asásálà. Ojukwu tó sá lọ sí Ivory Coast ní 1970, tí ò padà títí di 1982, tiẹ̀ yàtọ̀. Soyinka tó gba Benin sá fún Abacha ní 1994, tiẹ̀ náà yàtọ̀. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó lé wọn.

Ibi tí irọ́ ajẹ́ńtì ti fọ́ nìyí. Ní Bìrìtéènì, o gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ kó o tó tọrọ ààbò. Físà 866 ti Ọsirélíà, o gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó o sì ti fi físà gidi wọlé. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún kan tó o débẹ̀ lo máa kọ fọ́ọ̀mù, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ síbẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé. Kí ni ajẹ́ńtì fẹ́ tà ní Enugu, nígbà náà?

Àwọn tí wọ́n ní ká bà lórúkọ jẹ́ yìí ló ń gbàlejò wa. Ilé wọn là ń gbé, àwọn ọmọ wa jọ ń lọ iléèwé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ẹni tí ewu gidi bá ń lépa nínú wa, kó má fi pamọ́. Kó tọ́jú ìwé ọlọ́pàá, ìwé ọsibítù àti fọ́tò, kó wá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú. Tiẹ̀ la máa kọ lẹ́tà fún, òtítọ́ la ó sì kọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì ta ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá bi wá.