Erékùṣù Tí Bàálù Kì Í Bà Sí

  Láti ọdún Ifá tó kọjá ni ẹ ti ń bi mí pé kí ló gbé mi dé ilẹ̀ Gíríìsì, àti pé ṣé lóòótọ́ ni pé díẹ̀ ló kù kí n má bá yín ṣọdún. Lóòótọ́ ni. Mo sì gbọ́ pé méjì nínú àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń fojú sí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ojú tiwọn má baà rí ohun tí tèmi rí.

Fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ ni mo wà nígbà tí tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn sọ pé bàbá àti ìyá Alexander, ọba tó jagun débi tí ọ̀nà jìn, erékùṣù kan ni wọ́n ti pàdé, níbi tí àwọn méjèèjì ti lọ wọ awo. Tíṣà kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbé àpò Ifá tẹ̀lé bàbá mi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ awo yẹn ni etí mi mú, kò sì jáde mọ́. Samothraki ni orúkọ erékùṣù náà. Ó lé ní ogójì ọdún kí n tó fẹnu kan orúkọ yìí fún àkọ́bí mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní London. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo rò pé àwàdà ni.

Erékùṣù tí ènìyàn ń gbé ní ilẹ̀ Gíríìsì lé ní 200. Àwọn tó lókìkí, bíi Rhodes àti Santorini, bàálù ń bà síbẹ̀. Ti Samothraki kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò tó 3,000, òkè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Fengari, tó ga tó mítà 1,611, ló gba àárín rẹ̀, kò sì sí pápákọ̀ òfurufú kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó kọ́kọ́ dé Alexandroupoli, ìlú etí òkun kan nítòsí ẹnubodè Turkey. Láti Athens, bàálù ń gbà tó wákàtí kan. Mọ́tò ń gba odidi ọjọ́ tàbí odidi òru. Láti Alexandroupoli ni wàá wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń lọ bíi wákàtí méjì kó tó dé èbúté Kamariotissa. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà nìyẹn.

Ọmọ mi ṣètò gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó dára títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ká dé erékùṣù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní òwúrọ̀, ká wọ ọkọ̀ ojú omi padà. Ní ọ̀sán ká wọ bàálù lọ sí Athens. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kan náà kí èmi wọ bàálù tó ń bọ̀ nílé, kí n yà ní Istanbul. Mo pè é. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí ọkọ̀ ojú omi bá pẹ́ ńkọ́?" Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ òun ti lọ sí erékùṣù irú ẹ̀ rí, ọjọ́ kan náà ló sì fi ṣe gbogbo rẹ̀, kò sí wàhálà. Mo ní mi ò gbà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún òun ní ìsinmi, ṣé orí ìdúró ní Alexandroupoli la ó wá lò ó tán ni? Inú bí i díẹ̀. Inú bí èmi náà.

Ẹ wò ó, bí mo ṣe rò ó rèé. Físà mi yóò parí ní ọjọ́ Ajé. Ọdún Ifá ilé wa yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ sì mọ ẹni tó máa ń ṣíde rẹ̀ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wàjà. Mo dá Ifá kí n tó gbéra, Ifá fọre, a sì rú ẹbọ tó yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé nítorí òun ti rúbọ, ọkọ̀ ojú omi yóò dúró de òun, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ọ̀rúnmìlà kì í ṣe akọ̀wé èbúté.

Mo wá ní kí ọmọ mi bá mi béèrè nípa afẹ́fẹ́ òkun yẹn. Ohun tó rí ló mú kí òun náà rọ ohùn. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ kan máa ń ti àríwá fẹ́ lórí òkun Aegean, meltemi ni wọ́n ń pè é. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí oòrùn máa ràn, kí òkun sì máa bínú. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́, Beaufort. Bó bá ti dé 8, àwọn aláṣẹ èbúté a ní kí ọkọ̀ ńlá má ṣe jáde, ti ọkọ̀ kékeré tilẹ̀ máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe atukọ̀ ló ń pinnu, ẹ̀bẹ̀ kò sì ràn án. Yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́: ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Samothraki dákú, ọ̀pọ̀ àlejò sì há sórí erékùṣù náà. Bí ọkọ̀ kò bá jáde, wọn yóò dá owó rẹ padà tàbí kí wọ́n fi ọ́ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bàálù tó bá fi ọ́ sílẹ̀ ní Athens, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò kàn wọ́n.

Nítorí náà a yí ètò padà, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. A kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí bàálù ńlá yóò gbé mi sílẹ̀, a ka òru méjì padà sẹ́yìn, a ní lórí ilẹ̀ la ó ti sun òru méjèèjì yẹn. Ọjọ́bọ̀ la ó kúrò ní erékùṣù, bó ti wù kó dùn tó. Ìparí oṣù karùn-ún la mú, nítorí ọkọ̀ ojú omi kì í pọ̀ lásìkò òtútù, oṣù kẹjọ sì jẹ́ ti èrò àti ti meltemi. Ẹni tí yóò bá lọ, kó má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kó tó mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ. Ní ti físà, ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ìnṣọ́ránsì ìlera tí wọ́n ń béèrè kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 yúrò. Kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lé sí i. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo kó ti ọ̀sẹ̀ kan lé, nítorí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn tó le, òkè òkun ní Alexandroupoli ló wà.

A dé. Láti èbúté sí Paleopolis, níbi ojúbọ àtijọ́ náà, bíi kìlómítà mẹ́fà ni. Àwọn Òrìṣà Ńlá ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n ń sìn níbẹ̀, wọn kì í dá orúkọ wọn. Ẹrú àti ọmọlúwàbí, ọkùnrin àti obìnrin, onílé àti àjèjì ló lè wọ awo náà, òru ni wọ́n sì ń ṣe é. Òrùka irin ni àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ń fi sọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń tọrọ jù ni kí òkun má gbé wọn. Ọ̀pọ̀ òkúta ló ti wó, òpó márùn-ún ni wọ́n tún gbé nàró. Ère obìnrin abìyẹ́ tí wọ́n wú níbẹ̀ ní 1863, Paris ló wà dòní. Àwòkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún erékùṣù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí àwa.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹnì kankan láyé tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní òru yẹn. Wọ́n pa awo mọ́ títí awo fi bá wọn lọ. Mo jókòó sórí òkúta kan. Ọmọ mi ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" Mo ní oòrùn ni.

Òun ló ka ìtàn kan fún mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí Cicero ará Róòmù kọ sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Diagoras, tí kò gba òrìṣà kankan gbọ́, dé Samothraki. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àwòrán àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ òkun hàn án. Diagoras ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó rì, kò sẹ́ni tó ya tiwọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò gba tiẹ̀ lórí òrìṣà, ṣùgbọ́n mo rántí ẹni tó ní kò sí wàhálà níbi iṣẹ́ ọmọ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, afẹ́fẹ́ gúúsù dìde. Ìyá arúgbó tó ni ilé tí a wọ̀ kàn mi orí, ó nawọ́ sí òkun. Ọkọ̀ kò jáde. Ní ọjọ́ Ẹtì, òwúrọ̀, kò jáde. Tọkọtaya kan wà nílé náà tí bàálù wọn yóò gbéra ní Athens lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ọkùnrin náà ń rìn lọ rìn bọ̀ létí omi bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ọmọ mi kò sọ nǹkan kan fún mi, ó kàn ra tíì fún mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ká máa bọ̀. Ọkọ̀ náà jù wá sókè sódò, mo bì lẹ́ẹ̀mejì. A sùn ní Alexandroupoli, a ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ sí Athens ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta nítorí ti ọjọ́ Ẹtì ti lọ sí òfo, mo sì wọ bàálù mi lálẹ́.

Mo dé ilé ní ọjọ́ Ajé. Ọdún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ojú yín ló ṣe é. Aṣọ àrán tí mo fẹ́ wọ̀ wà nínú àpò tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ níbì kan lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí mi nínú aṣọ àbúrò mi, tó fún mi lápá. Àpò náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.