Ó Kéré, Àmọ́ Títí Dìgbà Wo?

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò ìgbì omi, mo kọ ìlà ìṣirò kan sójú pátákó, mo sì wọ́gi lé apá kan nínú rẹ̀. Mo ní, “Èyí kéré, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó.” Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, títí dìgbà wo la lè máa fojú fò ó?” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìbéèrè náà ló yẹ kí n dúró lé lórí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1834, John Scott Russell wà lórí ẹṣin lẹ́bàá odò àfọwọ́gbẹ́ kan nítòsí Edinburgh. Ọkọ̀ tí ẹṣin méjì ń fà dúró lójijì, ṣùgbọ́n omi tó wú níwájú rẹ̀ kò dúró. Òkìtì omi kan ṣoṣo ló ń lọ geere. Russell tẹ̀ lé e fún bíi máìlì kan sí méjì.

Àgbà onímọ̀ bíi George Airy kò gbà pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè pẹ́. Bí a bá fojú fo gíga ìgbì, ìṣirò ní yóò tú ká, torí pé ìgbì gígùn máa ń yára ju kúkúrú lọ. Bí a bá ka gíga rẹ̀ sí, tí a wá fojú fo ìtúká, ìṣirò ní orí rẹ̀ yóò sáré ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, yóò sì wó. Boussinesq la ọ̀nà ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1871. Lọ́dún 1895, Korteweg àti de Vries ní Netherlands kọ ìlà ìṣirò tó gba ohun kékeré méjèèjì wọlé. Ọ̀kan ń tú ìgbì ká, èkejì ń kó o jọ.

Ohun tí ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ń pè ní perturbation kọ́ mi nìyẹn. Bí àṣìṣe tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bá ń gorí ara wọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ó ti di odindi. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nítorí náà la ṣe ń lo aago méjì: èyí tó yá fún ìrìn ìgbì, èyí tó lọ́ra fún bí ìrísí rẹ̀ ṣe ń yí padà.

Lónìí, bí mo bá wọ́gi lé nǹkan, mo máa ń kọ ìgbà tí àyè rẹ̀ yóò tán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wù mí kí àwọn tó ń ṣírò owó ìlú àti afárá náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ti jáde nílé ẹ̀kọ́ kí n tó ní ìdáhùn tí mo jẹ ẹ́.