KUMASI: WÚRÀ WÀ NÍLÉ, ÌWÉ RẸ̀ WÀ NÍ LONDON

Àlejò tó bá wọ Kumasi, olú ìlú àwọn Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Ghana, kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ilé wúrà lòun dé. Wúrà ni wọ́n fi bo ọ̀pá àṣẹ àwọn àgbà ààfin. Àga tó so gbogbo ìran náà pọ̀, Àga Wúrà ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá dé ọjà Kejetia, níbi tí ìsọ̀ ti lé ní 10,000, fóònù ni yóò rí lọ́wọ́ wọn. Oníṣòwò á pe nọ́ńbà, oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, owó ti kúrò lápò ẹnì kan bọ́ sápò ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fojú kan kọ́bọ̀. Momo ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà ní Ghana láti 2009.

Ìlú yìí gan-an ló yẹ ká gbé ìbéèrè kan lọ. Owó tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ nìkan ló ń gbé, irú Bitcoin, àti ayé tí wọ́n fi ẹ̀rọ dá, tí ènìyàn ní láti fi awò ńlá bojú kó tó lè rìn nínú rẹ̀, ǹjẹ́ ohun gidi kan wà níbẹ̀ tó ń fa ọkàn ènìyàn? Ní November 2021, ilé iṣẹ́ kan ra ilẹ̀ nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Decentraland, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Ilẹ̀ tí ewúrẹ́ kò lè jẹko lórí rẹ̀! Kí 2022 tó parí, iye irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti já wálẹ̀ pátápátá.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Kumasi ní 1896, lẹ́búlẹ́bú wúrà ni àwọn Àṣáńtì ń ná. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n idẹ kéékèèké tí wọ́n rọ bí ẹyẹ, bí ẹja, bí ọ̀nì, tí òwe sì wà nídìí púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń sanwó á wọ̀n ọ́n, ẹni tó ń gbà á náà á tún un wọ̀n. Àdéhùn ló sọ lẹ́búlẹ́bú di owó, òṣùwọ̀n sì ni ẹlẹ́rìí àdéhùn náà.

Ti Àga Wúrà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Gómìnà Hodgson dé Kumasi ní March 1900, tó ń béèrè ìdí tí wọn kò fi gbé àga náà wá kí òun jókòó lé e, ìjókòó lásán ló pè é. Lójú àwọn tó ni í, ẹ̀mí ìran wọn ló wà nínú rẹ̀. Yaa Asantewaa, ìyá ọba ìlú Ejisu, ló ṣáájú ogun nítorí rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n wọn kò rí àga gbà. Ohun tí ojú kò rí lè níye lórí, bí àwọn tó gbà á gbọ́ bá pọ̀, tí wọ́n sì mọ ara wọn.

Ọmọ Yorùbá pàápàá mọ ìdí tí ọrọ̀ tí a kò lè fọwọ́ kàn fi lè wuni. Ní November 18, 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò tó ti fìdí múlẹ̀ ní Kumasi, ní Tamale, ní Accra, tí ọ̀pọ̀ sì bímọ síbẹ̀. Ilé kò ṣeé dì sínú àpótí. Ọjà tó wà nísọ̀ di àtàpa. Gbèsè tí oníbàárà jẹ, ta ni yóò dúró gbà á? (Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana ní 1983, ìyẹn kò sì dára ju èyí lọ.) Ta ni kò ní í fẹ́ owó tó lè gbé kọjá ẹnubodè nínú orí ara rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ohun tó wuni, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣeé gbára lé. Ghana ti rí ti Menzgold. Àwọn ènìyàn ra wúrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n fi wúrà náà sílẹ̀ fún un, wọ́n ń retí èrè lóṣooṣù. Ní September 2018, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, nítorí wọn kò gba ìwé àṣẹ. Àwọn oníbàárà fi ìwọ́de béèrè owó wọn, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Wúrà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó. Bí ọ̀pọ̀ owó orí ẹ̀rọ ṣe rí náà nìyẹn.

Ní ààfin Manhyia, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún Ọba Prempeh Kìíní ní 1925, lẹ́yìn tó ti ìgbèkùn dé láti Seychelles, ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní February 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó Kumasi, wọ́n sì kó ohun ọ̀ṣọ́ ọba lọ. Nígbà tó pé 150 ọdún, ní 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Los Angeles dá méje padà pátápátá. Lẹ́yìn náà ni British Museum àti Victoria and Albert Museum gbé 32 wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwòrán wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ní fóònù lè wò wọ́n láìdìde lórí ibùsùn. Síbẹ̀ àwọn ará Kumasi wọ́ lọ sí Manhyia láti lọ dúró níwájú wọn.

Ẹni tó ra ilẹ̀ inú ẹ̀rọ ní ìwé, kò ní ilẹ̀. Ní Manhyia, wúrà wà nínú gíláàsì, London ni ìwé rẹ̀ wà, nítorí òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba British Museum láyè láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tọrẹ. Otumfuo Osei Tutu Kejì fúnra rẹ̀ ni wọ́n bá ṣe àdéhùn, kì í ṣe ìjọba Ghana. Àwìn ọdún mẹ́ta ni, ó sì ṣeé fi mẹ́ta mìíràn kún.