Iṣan Tó Ń Jẹ Goro

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta obì gbànja, tí a tún ń pè ní goro, ní Ọjà-Ọba nílùú Ìlọrin, ẹ má wo goro nìkan. Ẹ wo ẹ̀bátí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹ ó rí nǹkan tó ń wú, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń wú. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé eyín ló ń jẹun, ṣùgbọ́n eyín ò lè dá mira. Iṣan ló ń gbé e ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mò ń ṣe jẹun. Àmọ́ látìgbà tí eyín ẹ̀yìn ti ń kúrò lẹ́nu ìyá mi ni mo ti ń kàwé nípa párì. Iṣan mẹ́rin ló wà fún jíjẹ lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ẹ fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fi eyín òkè tẹ tìsàlẹ̀: èyí tó le gbagidi yẹn ni masseter. Ẹ gbé ìka lọ sí ẹ̀bátí, ẹ tún tẹ eyín: temporalis nìyẹn, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ lára egungun orí. Medial pterygoid wà nínú lọ́hùn-ún. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń pa ẹnu dé. Ìkẹrin, lateral pterygoid, ń fa párì síwájú, ó sì ń bá wa ya ẹnu. Bí tọ̀tún bá dá fà, àgbọ̀n á yà sósì. Bí tòsì bá fà, á yà sọ́tùn-ún. Yíyà yìí ló ń lọ goro kúnná.

Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí apá kan bá dáwọ́ dúró, a lè yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìyókù máa lọ. Párì ò gba irú ẹ̀. Egungun kan ṣoṣo ni párì ìsàlẹ̀. Ọ̀tún ò lè mira kí òsì má mọ̀.

Nígbà tí eyín ẹ̀yìn tán lọ́tùn-ún, ìyá mi ń fi òsì jẹun. Nígbà tí tòsì náà lọ, ó wá agolo tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ó ń fi rin goro bíi ti àwọn àgbà. Ó fi ẹran sílẹ̀, ó fi kúlíkúlí sílẹ̀, ó kù ẹ̀kọ àti tùwó. Ẹ̀bátí rẹ̀ wá ń jìn wọnú. Iṣan tí a ò lò á máa joro, àgbà tí ò sì rí ẹran jẹ, agbára ara rẹ̀ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe eyín àtọwọ́dá."

Ó ní, "Adìyẹ ò léyín, ebi ò sì pa á kú."

Mo ní, "Adìyẹ ní iwe tó ń bá a lọ oúnjẹ. Iwe tiyín dà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Kò tíì gbà o. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bi mí pé èló ni wọ́n ń ṣe é.