Àpótí Inú Dùùrù St Magnus

Láti orí afárá London Bridge, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lower Thames Street, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì St Magnus the Martyr wà. Iná ńlá ọdún 1666, tó ṣẹ́ yọ nílé oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane nítòsí, jó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ run. Christopher Wren ló yàwòrán èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Òkúta afárá àtijọ́ ṣì wà ní àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n dùùrù tó wà lókè, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni mo torí rẹ̀ lọ. Abraham Jordan àti ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́dún 1712. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn The Spectator lọ́dún náà sọ pé ó ní kíbọ́ọ̀dù mẹ́rin, àti pé ọ̀kan nínú wọn lè mú ohùn wú, irú èyí tí kò sí nínú dùùrù kankan rí. Ọ̀kan yẹn ni mo gbà pé ó yí iṣẹ́ dùùrù padà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Onídùndún á fún ọṣán, ohùn á yí. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kò ní àǹfààní yẹn. Bó fọwọ́ líle tẹ̀ ẹ́, bó rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni fèrè inú rẹ̀ á dún, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń fẹ́ wá kò yí padà. A ò sì lè fi kún afẹ́fẹ́ ọ̀hún, torí bó bá pọ̀ jù, fèrè á gòkè kúrò lórí ohùn rẹ̀, orin á bàjẹ́. Jordan kò fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ rárá. Ó kó àwọn fèrè kan sínú àpótí onígi, ó fi pákó tó ṣeé ṣí dí iwájú rẹ̀, ó sì mú kí ẹsẹ̀ máa darí rẹ̀. Ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ kúrò, ohùn á jìnnà bí ẹni tó ń kọrin wọ yàrá lọ.

Àwọn kan á ní ìpolówó yẹn ti sọ̀rọ̀ jù, pé àwọn ará Sípéènì ti ń kó fèrè sínú àpótí onídèérí ṣáájú Jordan. Òótọ́ ni. Àmọ́ Jordan ya odidi kíbọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ fún un, ọgbọ́n yẹn ló sì di àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Burkat Shudi, akọ́-dùùrù olókùn kan, gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lọ́dún 1769 lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dùùrù olókùn ló ṣe é fún; àwọn akọ́-dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e wọ inú àpótí Jordan.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó sọ pé dùùrù Jordan kò sí mọ́, torí wọ́n ti tún un ṣe léraléra, ara igi rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ló kù jù. Bó bá jẹ́ fèrè ni Jordan fi sílẹ̀, mo gbà fún wọn. Ohun tó fi sílẹ̀ ju fèrè lọ: ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sídìí dùùrù Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, nígbà tí ohùn bá ń wú bọ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ́ akọrin.