Orúkọ Obìnrin Inú Àwòrán

Àwòrán kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti rí i. Ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ là ń rí. Ó kó irun rẹ̀ sẹ́yìn, aṣọ dídán kan sì wà léjìká rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Gíga àwòrán náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, síbẹ̀ bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rò pé ayaba ni.

Joanna Boyce Wells ló yà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1861. Fanny Eaton ni ẹni tó yà. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1835, ìyá rẹ̀ sì ti wà lóko ẹrú rí. Ní London, Fanny máa ń gbálẹ̀ nulẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ó sì tún ń jókòó fáwọn ayàwòrán kí wọ́n lè yà á, kó lè rówó tọ́ ọmọ.

Fún ìgbà pípẹ́, "Orí Obìnrin Aláwọ̀ Àdàlù" ni wọ́n ń pe àwòrán yìí. Orúkọ ẹni tó yà á kò sọnù. Ti ẹni tí wọ́n yà ló sọnù. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ki ènìyàn, orí rẹ̀ á wú. Orí tí kò lórúkọ, báwo ni yóò ṣe wú?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá mi ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. "Ìyá Agbálẹ̀" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lóòótọ́, a kì í pe àgbà lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í léèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè máa pè é ní Ìyá Fọlákẹ́. Nílé, "Àdùkẹ́" ni bàbá mi ń pè é, ojú rẹ̀ á sì tàn. Ó wù mí kí àwọn ará ọ́fíìsì náà rí ojú yẹn.

Àwọn tó fara balẹ̀ tú àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló jẹ́ kí a mọ Fanny. Ní Yale, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwòrán náà wà báyìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ti àwọn tó ń gbálẹ̀ iléèwé wa kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kí wọn, kí á sì béèrè bí a ó ṣe máa pè wọ́n.